Èwo ni tìrẹ nínú àwọn hóró ìmọ́lẹ̀ tó wọlé?

Àbúrò kan tó ń kọ́ físíìsì, tí ilé wọn wà ní Sábẹ, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kọ̀wé sí mi báyìí:

«Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra mẹ́tà onílésà tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn yàrá. Nínú ilé, ó ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e síta lọ́sàn-án, kì í pẹ́ tó fi máa kọ àṣìṣe sójú. Mo fẹ́ kọ́ tèmi, èyí tó máa wọn ọ̀nà láti àgbàlá bàbá mi dé ara àpáta tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, bíi kìlómítà kan. Mo kà pé ojú ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní SPAD, tó lè rí hóró ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo. Ṣé bí mo bá ra ìyẹn, iṣẹ́ ti parí? Ó wọ́n, mo sì ti ń tọ́jú owó.»

Àbúrò, má tíì ná owó náà.

Kì í ṣe pé SPAD kò dára. Ó dára débi pé ó máa rí ohun tí o kò fẹ́ kó rí. Rírí hóró ìmọ́lẹ̀ kan, èyí tí àwọn oníwèé ń pè ní fótọ́nù, kò ṣòro mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tó ṣòro ni kí o mọ̀ pé hóró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yìí, ìwọ lo rán an níṣẹ́, pé kì í ṣe oòrùn ló rán an, kì í sì í ṣe ooru inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́tà tó o ní. Ìyẹn kì í yin iná rárá. Iná pupa rẹ̀ ń tàn láìdáwọ́ dúró, ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì ń mú un le, ó ń mú un rọ̀, ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn náà ló máa fi èyí tó padà wé èyí tó ń jáde lọ, kó wo bí ìkan ṣe rìn sẹ́yìn ìkejì tó. Ọgbọ́n gidi ni, ó péye dé mìlímítà. Ṣùgbọ́n nítorí ojú ọmọ ènìyàn, wọn kì í jẹ́ kí irú iná bẹ́ẹ̀ kọjá mìlíwáàtì 1, oòrùn ọ̀sán sì ń da bíi 1,000 wáàtì sórí mítà onígun mẹ́rin kan. Àtùpà èèyàn kò lè bá ìyẹn jà.

Ẹni tó bá fẹ́ kí iná òun hàn nínú oòrùn gbọ́dọ̀ kó gbogbo agbára rẹ̀ jọ sí ojú kan, kó bù yẹ̀rì bíi mànàmáná, kó sì dákẹ́. Lésà oníbùyẹ̀rì nìyẹn. Díóòdù kékeré kan tí gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nánómítà 905, tí ojú kò lè rí, lè yọ wáàtì 25 fún nánósẹ́kọ́ndì 20. Nánósẹ́kọ́ndì kan ni ìdá bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá.

O ti pariwo rí níwájú àpáta ìlú yín, o mọ bí gbohùngbohùn ṣe ń dáhùn. Bí àpáta bá jìnnà ní kìlómítà kan, ohùn rẹ á gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 6 kó tó lọ kó tó bọ̀. Ìmọ́lẹ̀ á rin ọ̀nà kan náà ní máíkírósẹ́kọ́ndì 6.7 péré (máíkírósẹ́kọ́ndì kan ni ìdá mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá). Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o fi aago mú un. Láàárín nánósẹ́kọ́ndì 1, ìmọ́lẹ̀ á rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Nítorí àlọ àti àbọ̀ ni, àṣìṣe nánósẹ́kọ́ndì 1 nínú aago rẹ jẹ́ àṣìṣe sẹ̀ǹtímítà 15 lórí ilẹ̀. Fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, mo ṣì máa padà sí i.

Iye hóró mélòó ló máa padà wá bá ọ? Wáàtì 25 fún nánósẹ́kọ́ndì 20 jẹ́ ìdajì máíkíròjúùlì. Ní nánómítà 905, ìyẹn tó bíi tírílíọ̀nù 2.3 hóró nínú ìbùyẹ̀rì kan. Ó pọ̀. Ṣùgbọ́n àpáta kì í ṣe dígí. Ká sọ pé ó dá ìdá 30 nínú 100 padà, ó sì fọ́n ọn ká sí gbogbo ìhà. Bí lẹ́ńsì rẹ bá fẹ̀ ní mìlímítà 25, èyí tó máa bọ́ sínú rẹ̀ láti mítà 100 tó bíi 10,000. Láti kìlómítà kan, bíi 100 péré ni, kí lẹ́ńsì àti eruku tó mú ìpín tiwọn. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po 10, hóró á di ìdá kan nínú 100. Ibi tí o ti rí 100 yìí ni ọkàn rẹ ti sáré bá SPAD, mo mọ̀. Ó jọ pé ẹni tó lè rí 1 á rí 100 láìlàágùn.

Wá wo bí SPAD ṣe ń ṣiṣẹ́.

Rántí pápá ẹ̀yìn ìlú yín ní àkókò ọyẹ́, tí koríko ti gbẹ tán. Ẹta iná kan ṣoṣo bọ́ sílẹ̀, gbogbo pápá ti gbiná. SPAD jẹ́ díóòdù tí a ti fi fóltì tì kọjá ibi tó lè fara dà á, tó wá wà níbẹ̀ bíi koríko gbígbẹ. Hóró kan wọlé, ó tú ẹlẹ́kítírónì kan sílẹ̀, ìyẹn sáré kọlu òmíràn, òmíràn tún kọlu òmíràn, kí o tó ṣẹ́jú pẹ́ iná ti ń ṣàn nínú wáyà débi tí ẹ̀rọ yòówù fi lè rí i. O kò nílò ohun tó máa gbé e sókè mọ́. Ẹwà rẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan lójú osilóskópù, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán iná inú wáyà, kì í gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó dé ibi tí pápá ti jó kò lè sọ bóyá ẹta iná kan ló dá a tàbí ẹgbẹ̀rún. SPAD kì í sọ iye. Ó kàn ń sọ pé «ó ti jó». Lẹ́yìn náà, o gbọ́dọ̀ paná rẹ̀, ìyẹn ni pé kí o já fóltì rẹ̀ wálẹ̀, kí o sì dúró kí koríko tún hù. Résítọ̀ ńlá kan ṣoṣo lè paná yẹn, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Sergio Cova àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Politecnico di Milano, ní Itálì, ló ṣe sákíìtì tó ń yára paná, tó sì ń yára dá fóltì padà, láti àwọn ọdún 1970, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lónìí ṣì ń jẹ nínú oko tí wọ́n ro. Pẹ̀lú sákíìtì tó dára, ojú náà á fọ́ fún bíi nánósẹ́kọ́ndì 30 kó tó tún là. Nánósẹ́kọ́ndì 30 jẹ́ mítà 4.5 lórí ilẹ̀ tí o kò ní rí nǹkan kan.

Ẹyín iná tún wà tó máa ń fara pamọ́ sábẹ́ eérú. Nínú sílíkọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ṣe SPAD, àwọn ẹlẹ́kítírónì kan máa ń há sínú àbùkù ara rẹ̀ nígbà tí iná ń jó, wọ́n á wá tú jáde lẹ́yìn tí o ti rò pé ó ti kú, pápá á tún gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Bí o bá sì fi ẹ̀rọ náà sínú òkùnkùn biribiri, ooru nìkan tó láti máa dá iná bẹ́ẹ̀. Iye iná òkùnkùn yìí ń di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí ìwọ̀n sẹ́síọ́ọ̀sì 8 sí 10 kọ̀ọ̀kan tí ooru bá fi pọ̀ sí i. Ìyẹn nìkan kò bà mí lẹ́rù fún iṣẹ́ tìrẹ. Ká sọ pé ó ń jó fúnra rẹ̀ ní ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín máíkírósẹ́kọ́ndì 6.7 tí ò ń retí, ìgbà 3 nínú 100 ni. Kékeré ni.

Oòrùn ló ń bà mí lẹ́rù.

Mo fara balẹ̀ ṣírò rẹ̀ fún ọ. Àpáta kan náà, lẹ́ńsì kan náà, ojú ẹ̀rọ tó ń wo ibi tó fẹ̀ ní mítà 2 lórí àpáta náà (láti kìlómítà kan, fífẹ̀ yẹn ni à ń pè ní mìlíréádíà 2), àti asẹ́ àwọ̀ tó ń jẹ́ kí nánómítà 10 péré kọjá ní àyíká 905. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn tó ta sí ara àpáta tó sì bọ́ sínú lẹ́ńsì rẹ á tó bíi bílíọ̀nù 5 hóró ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn jẹ́ hóró 5 nínú nánósẹ́kọ́ndì kọ̀ọ̀kan. Sílíkọ́ọ̀nù kì í sábà mú hóró 905 dáadáa. Ká sọ pé SPAD rẹ ń mú 5 nínú 100. Síbẹ̀, nǹkan bíi nánósẹ́kọ́ndì 4 ni yóò fi dúró kí oòrùn tó dáná sun ún. Kí ìbùyẹ̀rì rẹ tó lọ mítà kan kó tó padà, pápá ti jó. Ìwọ ń retí ohun tó ń bọ̀ láti kìlómítà kan, ojú rẹ ti fọ́ kó tó kúrò ní ẹnu ọ̀nà yín.

Bí o bá ra SPAD tó wọ́n jù ú lọ, tó ń mú 40 dípò 5, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Oòrùn á dáná sun ún ní ìlọ́po 8. Owó tí o ná, ara oòrùn lo ná an sí.

APD lásán, díóòdù ìbátan SPAD tí a kò fi fóltì tì kọjá ààlà, kò rí bẹ́ẹ̀. Fóltì bíi 150 sí 200 ló ń lò, hóró 1 á di bíi 100 ẹlẹ́kítírónì, hóró 1,000 á di 100,000. Kì í jó tán, ó ń pọ̀ ní ìwọ̀n ohun tó wọlé. Oòrùn á kàn jẹ́ omi tó dúró nínú àgbá, ìbùyẹ̀rì tìrẹ á jẹ́ ìgbì lórí omi náà. Láàárín nánósẹ́kọ́ndì 20 tí ìbùyẹ̀rì rẹ fi padà dé, hóró oòrùn á tó 100, tìrẹ náà á tó 100. Ariwo amúpọ̀, ìyẹn sákíìtì tó ń gbé iná APD sókè, máa ń bo irú ìyẹn mọ́lẹ̀, nítorí náà ìbùyẹ̀rì kan kò ní tó o. Ọgọ́rùn-ún á tó, bóyá ẹgbẹ̀rún, bí o bá ń kó wọn jọ. Lẹ́ńsì tó fẹ̀ ní mìlímítà 50 dípò 25 á fún ọ ní ìlọ́po 4 hóró, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí èmi bá ní owó tí ò ń tọ́jú yẹn, lẹ́ńsì ni màá kọ́kọ́ rà.

Kíkó jọ yìí, ayò ló jọ. Fojú inú wo ọpọ́n ayò tó ní ẹgbẹ̀rún ihò dípò 12. Ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ àsìkò kan: ti àkọ́kọ́ jẹ́ nánósẹ́kọ́ndì 0 sí 10 lẹ́yìn tí o yin iná, ti kejì 10 sí 20, títí lọ. Ní gbogbo ìgbà tí o bá yin iná tí ojú ẹ̀rọ sì gbé nǹkan, ju ọmọ ayò kan sínú ihò tí aago bá sọ. Oòrùn kò mọ ìgbà tí o yin iná, nítorí náà ọmọ ayò tirẹ̀ á fọ́n ká gbogbo ihò. Tìrẹ kò ní yẹ̀ kúrò lójú kan. Lẹ́yìn 10,000 ìyìn, ihò kan á kún ju àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ, o kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ibi tí àpáta wà fún ọ. Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀ láti fi dá hóró tìrẹ mọ̀ láàárín ti àlejò, èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí sùúrù ló ń ná, kì í ná owó.

Ibi tí SPAD ti jẹ́ ọba ni òru. Jókòó sí àgbàlá bàbá rẹ ní agogo 10 alẹ́ tí kò sí òṣùpá, oòrùn ti lọ, ooru nìkan ló kù, mo sì ti sọ fún ọ pé kékeré ni. Nínú 100 hóró tó padà láti ara àpáta, SPAD aláìdára tó ń mú 5 nínú 100 á gbiná fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìyìn. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tó máa yà ọ́ lẹ́nu: ó ti pọ̀ jù. Níwọ̀n bí hóró àkọ́kọ́ ló ń dáná, tí àwọn tó tẹ̀lé e sì bá pápá tó ti jó, ìgbà gbogbo ni aago rẹ á máa mú orí ìbùyẹ̀rì náà, kò ní mú àárín rẹ̀. Bí ìbùyẹ̀rì bá gùn ní nánósẹ́kọ́ndì 20, ìyẹn mítà 3 lórí ilẹ̀, ara funfun á dà bí ẹni pé ó sún mọ́ ọ ju ara dúdú tó wà ní ibi kan náà lọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fi dígí dúdú bo ojú SPAD títí yóò fi jẹ́ pé ìyìn 1 sí 5 nínú 100 péré ló ń gbiná. Wọ́n ra ojú tó rí hóró kan, wọ́n sì wá ń dín hóró kù kó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé ẹni tó ń kọ́ mi ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni.

O lè sọ pé, «Ẹ̀gbọ́n, ṣebí wọ́n fi hóró kan wọn ọ̀nà òṣùpá.» Òótọ́ ni. Àwọn tó lọ pẹ̀lú Apollo 11 gbé àwo dígí onígun kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1969, Apollo 14 àti 15 gbé tiwọn, àwọn ará Rọ́ṣíà náà gbé méjì lọ lórí ọkọ̀ Lunokhod. Títí di òní, wọ́n ń yin lésà sí wọn láti Grasse ní ilẹ̀ Faransé àti láti Apache Point ní New Mexico. Ní Apache Point, ìbùyẹ̀rì kan ní bíi 3 tí òdo 17 tẹ̀lé e hóró. Èyí tó ń padà wá bá wọn kò ju bíi ẹyọ kan lọ. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2.5, wọ́n sì ń rí òṣùpá tó ń fi sẹ̀ǹtímítà 3.8 jìnnà sí wa lọ́dọọdún.

Ṣùgbọ́n wo ohun tí wọ́n ní tí ìwọ kò ní. Awò ìràwọ̀ wọn fẹ̀ ní mítà 3.5. Ibi tí ojú wọn ń wò kéré gan-an, nítorí náà ojú ọ̀run tó wọlé kéré. Ìbùyẹ̀rì wọn kò gùn tó ìdá kan nínú 100 tìrẹ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé wọ́n ti mọ ibi tí òṣùpá wà kí wọ́n tó yin iná, wọn kò sì ń lajú àfi ní ìgbà tí àlejò tí wọ́n rán níṣẹ́ yẹ kó dé. Bíi Akaba Idẹna ti Kétu àtijọ́ ni: ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣọ́, ẹni tí kò bá dé lásìkò, ìta ló máa sùn.

Ìwọ náà lè ṣí ìlẹ̀kùn lásìkò. Bí o bá mọ̀ pé àpáta kò sún mọ́ ju mítà 900 lọ, má ṣe fún SPAD ní fóltì rẹ̀ kí máíkírósẹ́kọ́ndì 6 tó pé. Ìyẹn á gbà ọ́ lọ́wọ́ eruku ọyẹ́ tó wà níwájú lẹ́ńsì náà, èyí tó máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà ní mítà mélòó kan àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ oòrùn, nítorí nánósẹ́kọ́ndì 4 lẹ́yìn tí o bá ṣílẹ̀kùn ni oòrùn náà máa wọlé. Kí ibi tí ojú rẹ ń wò tó lè kéré sí i, ìmọ́lẹ̀ lésà rẹ náà gbọ́dọ̀ tín-ínrín, ibi tí díóòdù olówó pọ́ọ́kú ti ń jáni kulẹ̀ nìyí. Ojú rẹ̀ tó ń tàn gùn ní bíi máíkírómítà 200; pẹ̀lú lẹ́ńsì tó jìnnà sí i ní mìlímítà 100, mìlíréádíà 2 ló máa jẹ́, ẹbọ kankan kò lè mú un tín-ínrín jù bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ńsì yẹn. Àwọn tó ń lo SPAD lọ́sàn-án gangan fún ọ̀nà jíjìn kì í lo irú díóòdù yẹn.

Ó tó nípa ojú. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí sákíìtì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣubú, kì í ṣe ibi tí ẹ rò.

Wáyà tó gùn ní mìlímítà 1 ní bíi nánóhẹ́nrì 1, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń kọ̀ kí iná yára gòkè nínú rẹ̀. Ó dún bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n bí wáyà láti kápásítọ̀ dé díóòdù lésà bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 2, tí o sì fẹ́ kí áḿpìá 30 gòkè láàárín nánósẹ́kọ́ndì 3, fóltì 200 ni wáyà yẹn nìkan máa jẹ kí díóòdù tó tọ́ nǹkan kan wò. Kápásítọ̀, tíránsísítọ̀ àti díóòdù gbọ́dọ̀ fara ti ara wọn bí ìbẹta nínú ikùn. Má ṣe lo bọ́ọ̀dù oníhò tí a fi ń ṣe ìdánwò. Kí o sì fi díóòdù kékeré kan dè é lẹ́yìn, kí iná má bàa gba ẹ̀yìn padà wọ lésà. Mo ti pa lésà mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ kan kí n tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

Áḿpìá 30 tó gòkè láàárín nánósẹ́kọ́ndì 3 tún jẹ́ rédíò. Mo ní ẹ̀rọ kan nígbà kan rí, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tó ń rí ògiri ní mítà 1.2 níbikíbi tí mo bá kọjú rẹ̀ sí. Mo kọjú rẹ̀ sí ọ̀sà, mítà 1.2. Mo kọjú rẹ̀ sí ọ̀run, mítà 1.2. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń yẹ lẹ́ńsì wò. Kì í ṣe lẹ́ńsì. Sákíìtì lésà ló ń tapá sí amúpọ̀ APD tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láìsí ìmọ́lẹ̀ kankan láàárín wọn. Láti ọjọ́ náà, ìdánwò àkọ́kọ́ mi ni kí n fi ọwọ́ bo lẹ́ńsì. Bí àpáta bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí o bo ojú ẹ̀rọ, inú àpótí rẹ ni àpáta náà wà. Àpótí páànù fún lésà, àpótí páànù fún APD, kí bátìrì wọn má sì papọ̀ bí ó bá ṣeé ṣe.

Nípa aago, má fi ara rẹ ṣe wàhálà. TDC7200 ti Texas Instruments ń ka àsìkò ní ìṣísẹ̀ píkósẹ́kọ́ndì 55, ìyẹn bíi mìlímítà 8 lórí ilẹ̀. Ó ju ohun tí o nílò lọ. Àṣìṣe rẹ kò ní ti ibẹ̀ wá. Ibi tí o ti sọ fún aago pé «ó ti dé» ló máa ti wá. Ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn á dá ìmọ́lẹ̀ tó ga padà, ògiri amọ̀ á dá èyí tó kúrú. Bí o bá ní kí aago dúró nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kọjá gíga kan pàtó, ti ẹfun á kọjá ibẹ̀ ṣáájú ti amọ̀, àní bí ọ̀nà wọn tilẹ̀ dọ́gba. Nánósẹ́kọ́ndì 3 ìyàtọ̀ rọrùn láti rí, sẹ̀ǹtímítà 45 nìyẹn. Kíkó 10,000 ìyìn jọ máa ń dín àṣìṣe tó ń lọ sọ́tùn-ún sósì kù sí ìdá kan nínú 100, ṣùgbọ́n èyí tó ń fa ọ́ sí apá kan ṣoṣo kò ní dín rárá. Ohun tí a ń ṣe ni pé kí aago má dúró de gíga kan, kó dúró de ìdá kan nínú gíga ìmọ́lẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ìdajì fún àpẹẹrẹ. Sákíìtì rẹ̀ kò tóbi, ẹlẹ́kítíróníìkì ọdún kejì ni.

Ooru àti ọ̀rinrin kò ní fi ọ́ sílẹ̀ o. Fóltì tí APD fi ń ṣiṣẹ́ máa ń yí padà bí ooru bá yí, nítorí náà gbé ìwọ̀n ooru kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí fóltì lè máa tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá sì fẹ́ mú SPAD tutù nílé wa níbí ní Àjàṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ etí òkun ti ń ṣe ìrì láti bí ìwọ̀n sẹ́síọ́ọ̀sì 24. Mo mú tèmi lọ sí 5, mo lọ jẹun, mo bá a tó ń sunkún. Àpótí tí a dí pa, tí àwọn àpò kékeré inú páálí bàtà wà nínú rẹ̀ láti fa omi, ló tún un ṣe. Ní Sábẹ nígbà ọyẹ́, ìrì kò ní da ọ láàmú, eruku ló kù.

Nípa ojú ènìyàn, mi ò ní fi ṣeré. Ìmọ́lẹ̀ 905 kì í hàn, ṣùgbọ́n ó ń wọlé dé ẹ̀yìn ojú bí èyí tó hàn, ojú kò sì ní ṣẹ́ nítorí kò mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Má ṣe wo inú lésà náà láé, kódà bí o bá rò pé o ti pa á. Fẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tán láti ẹnu lẹ́ńsì kó tó jáde, gbé e sókè kọjá orí ènìyàn, má sì yìn ín níbi tí àwọn ọmọ ń gbà bọ̀ láti oko. Bí o kò bá mọ̀ bóyá ó ń tàn, wò ó láti ẹ̀gbẹ́ lára bébà funfun pẹ̀lú kámẹ́rà fóònù. Àwọn kan máa ń rí i.

Ohun tí màá ṣe bí mo bá jẹ́ ìwọ rèé. Màá kọ́kọ́ ra VL53L1X ti STMicroelectronics, ẹ̀rọ ìwọnnà kékeré tó lè jókòó sórí èékánná, owó rẹ̀ kò ju ti adìyẹ méjì lọ. Mítà 4 péré ni agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n SPAD ló wà nínú rẹ̀, bíi ti lésà tí wọ́n fi sẹ́yìn iPhone 12 Pro ní 2020. Nánómítà 940 ló ń lò, níbi tí omi inú afẹ́fẹ́ ti ń jẹ díẹ̀ lára oòrùn kó tó dé ilẹ̀, ìyẹn náà jẹ́ ọ̀nà láti dín àlejò kù. Yàtọ̀ sí ọ̀nà tó wọ̀n, ó tún ń sọ iye hóró tìrẹ àti iye hóró àlejò tó ń rí. Iye kejì yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí o fojú rí.

Bí o bá ní íntánẹ́ẹ̀tì tó dára, lọ wo àwọn hóró ICESat-2, sátẹ́láìtì NASA tó gòkè ní 2018, tó ń yin iná àwọ̀ ewé ní ìgbà 10,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láti òkè. Ọ̀fẹ́ ni. Nínú fáìlì tí wọ́n ń pè ní ATL03, hóró kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú gíga rẹ̀. Wá ọ̀nà tó kọjá lórí Bẹ̀nẹ̀ lọ́sàn-án, kí o tún wá èyí tó kọjá lóru, kí o ya méjèèjì sórí bébà. Ti òru á jọ ilẹ̀ àti igi. Ti ọ̀sán á jọ ìgbà tí wọ́n da ìyanrìn sórí àwòrán, ilẹ̀ á sì wà lábẹ́ rẹ̀ bí ìlà tó dì.

Lẹ́yìn náà ni APD, lẹ́ńsì mìlímítà 50, asẹ́ 905, àti díóòdù lésà kan pẹ̀lú méjì ìrọ́pò nítorí o máa pa wọ́n. Fi wọ́n wọn ọ̀nà dé ara ògiri ilé ìwé tí o ti fi téèpù wọ̀n tẹ́lẹ̀, kí o tó kọjú sí àpáta. SPAD lè dúró di ìgbà tí ò ń wá iṣẹ́ òru.

Ní báyìí, gbé VL53L1X náà sínú yàrá, kọ iye àlejò tó bá sọ sílẹ̀. Gbé e síta ní agogo kan ọ̀sán, kọjú rẹ̀ sí ògiri tó wà nínú oòrùn, tún kọ ọ́. Fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Inú wọn ni màá ti bá ọ ṣírò asẹ́ tí o máa rà.